Kí Ni Ipa Wa Nínú Àtúnṣe Ìlú?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ìlú níbi ìpàdé ọdọọdún)

      

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ipa tí olúkúlùkù ènìyàn lè kó nínú àtúnṣe ìlú. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, a rò pé ọ̀rọ̀ náà kò le. A ó kí àwọn tí wọ́n dáwó, a ó bá àwọn tí wọn kò dáwó wí díẹ̀, a ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n bí a ti ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò kí a lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, a bá ohun kan pàdé nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí a lè sọ ọ́ bí a ti rò. Ohun náà ni ọ̀ràn kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọjà, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bọ́ọ̀hólù. Òun ni a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni fún àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀.

Gbogbo yín ni ẹ rántí ọjọ́ tí a ṣí kànga náà. Ìlù ń dún, aṣọ ẹgbẹ́ ń dán, àlùfáà gbàdúrà, ìmáàmù náà sì gbàdúrà. A kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá owó ńlá sára òkúta mábù, a sì rì í mọ́ ara ògiri. (Ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sí ìlà kẹta bá wa bínú fún oṣù mẹ́ta gbáko, nítorí pé ìlà kejì ni ó rò pé ó tọ́ sí òun.) Omi jáde, ó mọ́, ó sì tutù; àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ lójú wa. A padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ kànga ti parí.

Ní oṣù kẹrìnlá lẹ́yìn ọjọ́ náà ni kànga dákẹ́. Ohun tí ó bàjẹ́ kò tó nǹkan: wáyà kan ni ó jóná lára ẹ̀rọ tí ń fa omi sókè. Owó tí a ó fi tún un ṣe kò tó èyí tí a fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ọjọ́ ìṣíde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí a fi àṣẹ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Àwọn ará ọjà lọ bá kánsẹ́lọ̀. Ó ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí àwa; àwa náà ní kí wọ́n ṣe sùúrù di ìpàdé ọdún, nítorí pé Èkó ni akápò wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ iná fẹ́ wò ó. Wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ. Báyìí ni oṣù márùn-ún ṣe kọjá. Àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ wọn padà sí odò ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí òjò dé, tí àgbàrá sì gbá ìdọ̀tí gbogbo wọ inú odò, àrùn onígbáméjì wọ agbo ilé mẹ́ta. Ọmọ mẹ́ta ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Méjì ni ó padà sílé.

A kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí, nítorí pé àwọn òbí ọmọ náà wà láàrin wa níhìn-ín. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá láti bá wọn kẹ́dùn, ìyá àgbà kan tí ń ta ata ní ẹnu ọ̀nà ọjà bi wá ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú, ta ni ó ni kànga yìí?" A wo ara wa lójú. Ẹnìkan nínú wa dáhùn pé ti ìlú ni. Ìyá ní: "Mo mọ̀ pé ti ìlú ni. Ta ni nínú ìlú?"

Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ a kò sì lè gbàgbé ìbéèrè náà. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé àwa ọmọ ìlú ti fi ipa wa nínú àtúnṣe mọ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí: a ń dáwó, a sì ń pàtẹ́wọ́. Ohun tí ó wà láàrin, èyíinì ni kí a jọ pinnu ohun tí a ó ṣe, kí a mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí a sì máa bèèrè ìṣirò owó láìsí ìjà, a fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú. Ẹnikẹ́ni kò sì wá.

Kì í ṣe báyìí ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a wo àáró. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà bá fẹnu kò láti ṣe àáró, oko ọ̀kan ni wọn ó lọ lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Kò sí òǹwòran nínú àáró. Ẹni tí kò wá, àlàfo rẹ̀ yóò hàn lórí ebè; ẹni tí ó wá tí ó sì ń ṣe ìmẹ́lẹ́, poro tirẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn, gbogbo wọn ni yóò sì rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsúsú. Olúkúlùkù mọ iye tí òun ń dá, ó mọ ẹni tí ń gbà á, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. A kò tíì rí ẹni tí yóò dá èsúsú fún ọdún kan tí kò ní bèèrè ibi tí owó wọlé sí. Ètò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dání dé ilẹ̀ àjèjì. Ní Trinidad títí di òní olónìí, susu ni wọ́n ń pe irú àjọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ayé di ayé ìwé, ẹ̀mí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ni ó dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Iléṣà sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà ni ó dá ti Ọ̀fà sílẹ̀ ní ọdún 1943. Ẹ rántí pé ní àkókò náà ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kò wọ́pọ̀. Ìlú tí kò bá ní, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rin ìrìn-àjò lọ síbi tí ó wà, tàbí kí wọ́n padà sí oko lẹ́yìn ìwé kẹfà. Àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò àti akọ̀wé ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì sì ń bẹ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé sí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ní àkókò ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 dé ohun tí ó lé ní 811,000 ní ọdún 1955. Kò sí ìjọba tí ó lè rí àyè fún irú èrò bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún kan bí àwọn ìlú kò bá tì í lẹ́yìn. A fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí níbi ìpàdé, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba bu owó kún owó-orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Agbowó-orí dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Inú bí àwọn ènìyàn gidigidi, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group, tí ó ń ṣe ìjọba, fìdí rẹmi lọ́wọ́ NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, nígbà tí oore tí wọ́n ń gbèrò kù díẹ̀ kí ó dé. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọn kò tíì rí iṣẹ́.

Ní ọdún 1968 sí 1969 ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìbò. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti àgbègbè rẹ̀, tí a mọ̀ sí Agbẹ́kọ̀yà, ní àwọn kò lè máa san owó-orí tí ó wúwo nígbà tí ọ̀nà oko kò ṣe é rìn, tí owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò sì tó nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ìjọba tó dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì ní 1969. Àwa kò yin ìtàjẹ̀sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì dá àwọn àgbẹ̀ nìkan lẹ́bi. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè, tí a kò sì fi ohun tí a fi í ṣe hàn án, yóò wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní ọlọ́pàá tí ń gba owó-orí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i pé iye àwọn tí ń dáwó ń dín kù lọ́dọọdún, ẹ má ṣe yára pe àwọn ènìyàn ní ahun. Bóyá ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àpẹẹrẹ kan tí ó wú wa lórí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé owó kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí ni ti sòbìyà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá àádọ́ta ọdún níhìn-ín mọ ohun tí à ń wí. Kòkòrò tín-ín-rín, funfun, tí ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ni yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ ènìyàn. Àgbẹ̀ kò ní lè lọ sí oko, ọmọ kò ní lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí a ka iye àwọn tí ó mú ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, ó lé ní 650,000.

Kò sí abẹ́rẹ́ tí a lè fi dènà rẹ̀, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Ọgbọ́n pàtàkì tí ó wà ni pé kí gbogbo ènìyàn inú abúlé, láìku ẹnìkan, yí ìwà wọn padà nídìí omi. Ìdí rẹ̀ nìyí: ẹni tí sòbìyà ń yọ lára rẹ̀ yóò ki ẹsẹ̀ bọ odò nítorí pé ó ń ta á, kòkòrò yóò da ọmọ rẹ̀ sínú omi, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi yóò gbé ọmọ náà mì, ẹni tí ó bá mu omi yìí yóò gbé sòbìyà kiri nínú ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó yọ. Nítorí náà, bí ogójì ilé bá ń fi asọ tí a fi ń sẹ́ omi sẹ́ tiwọn, tí ilé kan ṣoṣo sì jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìyà wọ odò, òfo ni ìyókù lè já sí lọ́dún tí ń bọ̀.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Lóòótọ́, ìjọba wà níbẹ̀, àwọn àjọ àgbáyé wà níbẹ̀, Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó ti jẹ olórí ilẹ̀ wa rí sì rìn dé ọ̀pọ̀ abúlé láti ọdún 1999 láti bẹ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn àgbẹ̀ àti ìyàwó ilé, tí a yàn láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, láti máa kọ orúkọ ẹni tí sòbìyà ń mú sílẹ̀, láti di egbò rẹ̀, láti pín asẹ́, àti láti máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí yóò fi sú wọn. Orúkọ wọn kò sí lára òkúta mábù kankan. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún wa pé òun kò lówó, nítorí náà òun kò ní ipa kankan láti kó nínú àtúnṣe ìlú, àwọn wọ̀nyí ni a máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan ìjọba díẹ̀, nítorí pé a mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ọkàn wọn pé, "Ṣé àwa ni ìjọba ni?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ di ìjọba ọ̀fẹ́, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń gba owó rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti ibùdó ọkọ̀, itẹ́ òkú, ojú pópó kéékèèké, gọ́tà àti iná ojú pópó, ìkódọ̀tí, àní títí dé fífún ilé ní nọ́ńbà. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin náà dárúkọ jẹ́ 774. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó wọn láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí gómìnà má sì fi ọwọ́ kàn án. Àwọn kan jó nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdájọ́ náà. Àwa náà yọ̀, ṣùgbọ́n a bi ara wa pé: bí owó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa lónìí, ènìyàn mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ rẹ̀? Ènìyàn mélòó ni ó ti wọ ilé ìgbìmọ̀ náà rí, bí kì í bá ṣe láti gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀?

Òfin kan sì wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ní ọdún 2011 ni a ṣe é, òfin tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé àti ìṣirò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ń bèèrè kò nílò láti sọ ìdí tí ó fi ń bèèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn kí ó bá òun kọ ọ́. Láàrin ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn pé òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi òpin sí iyàn náà: ó kan ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi òfin yìí bú ènìyàn. Ìwé kan ṣoṣo, tí a kọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí àgbà ìlú mẹ́wàá fọwọ́ sí, tí a sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, a máa ṣiṣẹ́ ju ogún ọdún ìkùnsínú lọ. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí èsì kò dé, kí a kọ òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ ìjọba, ó yẹ kí ìṣirò tirẹ̀ náà wà lójú táyé. Ibi tí a ti padà dé ọ̀rọ̀ kànga wa nìyí.

Lẹ́yìn ìbéèrè ìyá elérú ata, àwọn obìnrin ọjà kò dúró de ìgbìmọ̀ mọ́. Wọ́n pe ìpàdé nínú ọjà fúnra rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Wọ́n yan ènìyàn márùn-ún ṣe olùtọ́jú kànga: obìnrin ọjà mẹ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ iná, àti ọmọ Ìgbìrà kan tí ó ti ń gbé ìlú wa láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn kan nínú wa kùn sí ti ẹni ìkẹyìn yìí, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìyálọ́jà dá wọn lóhùn pé omi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu kò mọ ìlú tí baba wọn ti wá. A gbà pé ó tọ̀nà. Ẹni tí ó ń san owó ilé níhìn-ín, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí ó ń sin òkú rẹ̀ sí ilẹ̀ wa, àtúnṣe ìlú kàn án ju ọmọ bíbí ìlú tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti jó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè ma dùn mọ́ àwọn kan nínú wa. Àwa tí a ń sọ ọ́ náà wà nínú àwọn tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Àwọn olùtọ́jú fi owó díẹ̀ lé kẹ́ẹ̀gì omi kan. Arúgbó àti aláìsàn kì í san. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ń fi ẹfun fa ìlà sára pátákó fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ní ìparí oṣù wọn a sì kọ iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sára ògiri ilé ẹ̀rọ, lábẹ́ òkúta mábù wa gan-an. Kò lọ déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì, owó kò bá ìlà ẹfun mu. Wọ́n jókòó lé e lórí ní ọjọ́ kan náà, ẹni tí ó ná nínú rẹ̀ jẹ́wọ́, ó dá a padà ní ìdá mẹ́ta, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. A kò pe ọlọ́pàá, a kò sì fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Bí ó bá jẹ́ ìwé owó ẹgbẹ́ wa ni, tí à ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọdún mélòó ni ìbá kọjá kí a tó mọ̀? Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún un ṣe.

A fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbi gbogbo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. A mọ òógùn tí ẹ fi ń rí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, a sì ń gbàdúrà fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá parí, àwòrán rẹ̀ ni ẹ máa ń bèèrè. Àwòrán kì í bàjẹ́. Ẹ̀rọ a máa bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, lẹ́yìn ọdún kan, ẹ bi wá pé, "Ṣé omi ṣì ń jáde? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èló ni ó wà nínú àpò ìtọ́jú?" Bí ẹ bá ń bi wá bẹ́ẹ̀, a kò ní bínú. Bí a bá tilẹ̀ bínú, ẹ má ṣe dákẹ́.

Ní ọ̀sán yìí, ẹ ó gbọ́ àbá lórí gbọ̀ngàn ìlú tuntun. Ilé tí ó rẹwà ni, a ti rí àwòrán rẹ̀, a kò sì lòdì sí i. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìpàdé má ṣe fọwọ́ sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ títí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò fi jókòó ní ilé tirẹ̀, kí ó sì sọ fún wa bóyá gbọ̀ngàn ni ó ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe, tàbí gọ́tà, tàbí òrùlé ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ń jò sórí àwọn aboyún. Bí ó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ni wọ́n mú, a ó kọ́ ọ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n nínú náírà mẹ́wàá tí ó bá wọlé, kí a yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú, kí a má sì fọwọ́ kàn án títí ilé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Kí a dárúkọ àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ kí a tó pe bíríkìlà. Kí ó kéré tán ìdajì nínú wọn jẹ́ àwọn tí ń sun ìlú yìí ní alaalẹ́, kí obìnrin àti ọ̀dọ́ sì wà nínú wọn, kì í ṣe láti máa pín oúnjẹ.

Àdúgbò méje ni ó wà nínú ìlú wa. A ti ṣí ìwé kan fún orúkọ ènìyàn mẹ́tamẹ́ta láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn tí yóò pe ìpàdé ilé wọn kí oṣù yìí tó parí, tí wọn yóò sì mú èsì padà wá fún wa. Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú akọ̀wé, bírò sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí a fi dìde láti sọ̀rọ̀, àdúgbò mẹ́rin ni ó ti kọ orúkọ tirẹ̀. Ìyá elérú ata ni ó kọ́kọ́ dé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó bá a kọ ọ́.